Àbúrò mi ní "Ronaldo ṣe é, èmi náà á ṣe é": orúnkún já, ó fẹ́ padà sórí pápá lóṣù mẹ́ta

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà nínú ilé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún, ó gbá pẹ́nárítì sójú ọ̀run nínú fáínà ìdíje àdúgbò wa lọ́dún tó kọjá. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ ní "Sátẹ́láìtì", àwọn ọmọ kéékèèké gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀ tó bá ń lọ ra búrẹ́dì. Níbi tó ti fẹ́ fi hàn wọ́n pé òun ṣì mọ bọ́ọ̀lù gbá ni orúnkún ẹ̀ ti já. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìdíje tọdún yìí wá ń bọ̀, kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, ó lóun gbọ́dọ̀ gbá a. Tí mo bá ti lanu báyìí, "Ronaldo Brazil ńkọ́?" ló máa fi dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ọkùnrin yẹn dáadáa, ṣé ìtàn yẹn ń gbè é lẹ́yìn lóòótọ́ àbí ó kàn ń fi tan ara ẹ̀ jẹ?

———

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ọmọ yẹn wo ìparí fíìmù, ó fo àárín. Ohun tí gbogbo ayé rántí ni Ronaldo tó fá orí tó wá fi irun bíńtín sílẹ̀ níwájú, eyín ẹ̀ yà, ó gbé Ife Àgbáyé dání ní Yokohama lórílẹ̀-èdè Japan lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2002. Góòlù 8 nínú ìdíje kan ṣoṣo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ àárín ẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àbúrò yín wà.

Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1999, Inter Milan ń bá Lecce gbá bọ́ọ̀lù, iṣan orúnkún ọ̀tún Ronaldo ya. Ya ni mo wí o, kò tíì já tán. Wọ́n gbé e lọ sí Paris, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Gérard Saillant ló ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó dúró fún bí oṣù márùn-ún. Oṣù márùn-ún, kì í ṣe mẹ́ta, kì í sì í ṣe Robb àti Aboniki ni wọ́n fi ń pa á, Inter ló ni ín, owó tí wọ́n fi rà á lọ́wọ́ Barcelona lọ́dún 1997 kò sẹ́ni tó tíì san irú ẹ̀ rí lórí agbábọ́ọ̀lù kankan nígbà yẹn, ẹ rò ó wò bóyá wọ́n á fi orúnkún ẹ̀ ṣeré. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2000, fáínà Coppa Italia, ìyẹn ìdíje ife Ítálì, abala kìíní, wọ́n ń bá Lazio gbá a ní Rome, Ronaldo wọlé gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò. Kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣan kan náà já pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn, odidi sáà 2000 sí 2001 kò gbá bọ́ọ̀lù kankan. Ìgbà tí ọdún 2001 ń lọ sópin ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ kà á láti ìgbà tó kọ́kọ́ ya títí dé Yokohama, ó lé ní ọdún méjì àti oṣù méje. Tí àbúrò yín bá tún ní òun fẹ́ ṣe bíi Ronaldo, ẹ sọ fún un pé ó dáa, ọdún méjì àti ààbọ̀ ló ń tọrọ yẹn.

———

Mo rí i pé àwọn tó pọ̀ nínú yín ti ń sọ pé ojúkòkòrò ló fà á, pé ó kánjú, pé Inter ló tì í wọlé torí ife. N ò gbà. Kò sẹ́ni tó ń kánjú tó máa lo oṣù márùn-ún nílé ìwòsàn àti nínú jíìmù. Dọ́kítà ní ó ti tó, fisíò (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé) ní ó ti tó, òun fúnra ẹ̀ ń sáré láìdùn ún. Àrọ́pò ni wọ́n fi í ṣe, wọn ò ní kó bẹ̀rẹ̀ eré náà. Gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn ṣe ni wọ́n ṣe, ó sì tún já.

Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí ju pé ká ní ó kánjú lọ. Tó bá jẹ́ pé ó kánjú ni, èèyàn á kàn ní "kí tìẹ máà kánjú" ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní Saillant, tó ní Nilton Petrone, fisíò ọmọ Brazil tó ń tẹ̀ lé e káàkiri, tó ń jí lójoojúmọ́ tí kò níṣẹ́ méjì ju pé kó tọ́jú ẹsẹ̀, ẹni yẹn lo oṣù márùn-ún ó sì tún ṣubú. Ẹ wá sọ fún mi, ọmọ tó ń gun ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ló fẹ́ fi oṣù mẹ́ta ṣe?

———

Ẹni kan ní kí n ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè ṣubú láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Fídíò ẹ̀ wà níta, tí ọkàn yín bá gbà á kẹ́ ẹ wò ó, èmi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó dojú kọ àwọn dìfẹ́ǹdà Lazio níwájú àpótí pẹ́nárítì wọn, ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ jó lórí bọ́ọ̀lù bó ṣe máa ń ṣe kó tó kọjá lára èèyàn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó fi tẹlẹ̀ ló dà á. Ó di orúnkún mú kó tó kanlẹ̀, ó ń ké, àwọn Lazio tó yẹ kí inú wọn dùn di orí mú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ fọwọ́ kan egungun róbótó tó wà lójú orúnkún yín. Iṣan ńlá itan ló ń fà á láti òkè, iṣan kan tó le bí okùn ló sì so ó mọ́ ojúgun nísàlẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni ti Ronaldo já. Tó bá já, itan ò rí nǹkan dì mú mọ́, á fa egungun róbótó yẹn gòkè. Petrone sọ lẹ́yìn náà pé ti Ronaldo lọ dúró sí àárín itan. Ẹ wá wo irú itan tó ní o! Agbára tó fi ń sáré kọjá lára gbogbo ayé ní Barcelona, tó fi gba góòlù 47 nínú eré 49 ní sáà 1996 sí 1997, òun náà ló fa iṣan já.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó béèrè dáhùn ni pé èwo ló já lára àbúrò yín gan-an? Torí "orúnkún já" lẹ kọ. Tó bá jẹ́ irú ti Ronaldo ni, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń sọ. Tó bá jẹ́ èyí tó wà nínú orúnkún níbi tí egungun itan àti ojúgun ti pàdé, ACL tí gbogbo wa ń pariwo ẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn dọ́kítà òde òní ń dúró fún ó kéré tán. Méjèèjì ò sí ní oṣù mẹ́ta. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn, ó máa wà níbẹ̀.

———

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ayé, mo ti ka tiyín o. Pé ọdún 1998 ni wọ́n ti ta lé e, pé iléeṣẹ́ bàtà ló fi tipátipá ní kó gbá bọ́ọ̀lù, pé ẹnì kan fi nǹkan sóúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1998, fáínà Ife Àgbáyé, Brazil àti Faransé, Stade de France. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ní hòtẹ́ẹ̀lì, gìrì mú Ronaldo. Roberto Carlos tí wọ́n jọ ń sun yàrá kan ló ké gbàjarè. Wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Kóòṣì Mário Zagallo ti kọ orúkọ Edmundo sílẹ̀ dípò ẹ̀, àwọn oníròyìn ti gba ìwé náà lọ́wọ́, kó tó di pé Ronaldo dé pápá pé òun wà pa, òun á gbá a. Wọ́n tún ìwé kọ. Zidane fi orí gba méjì wọlé, Petit fi ẹ̀kẹta jókòó. Ronaldo ń rìn lórí pápá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Wọ́n sì ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní ìdíje yẹn, kò sẹ́ni tó rántí. Ohun tí wọ́n rántí ni pé ó kùnà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ilé aṣòfin Brazil pè é wá sọ tẹnu ẹ̀, ẹ rò ó wò, wọ́n ń bi agbábọ́ọ̀lù léèrè níwájú àwọn aṣòfin ìdí tí wọ́n fi pàdánù bọ́ọ̀lù. "Sátẹ́láìtì" dáa jùyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí mò ń lọ. Ìtìjú yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan àti ààbọ̀ kí orúnkún ẹ̀ tó ya. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwa la so wọ́n pọ̀ torí pé ìtàn máa ń dùn bẹ́ẹ̀. Àbúrò yín náà ti so wọ́n pọ̀, ó fẹ́ fi orúnkún san gbèsè orúkọ. Orúkọ lè dúró de èèyàn. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí tàbí lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ tó bá fi góòlù sínú àwọ̀n ni wọ́n á wá orúkọ mìíràn fún un. Orúnkún tó bá já lẹ́ẹ̀kejì, ẹ máa bá a gbé nínú ilé ni.

———

Ọ̀gá tó ní ká fi Ronaldo sílẹ̀ ká sọ̀rọ̀ Kanu tiwa, ẹ jókòó, mo wà pẹ̀lú yín, kódà àwọn méjèèjì pàdé. Òlíńpíìkì Atlanta 1996, sẹ́mì-fáínà, ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia. Brazil ti gba mẹ́ta, àwa ní ẹyọ kan, Ronaldo yẹn wà nínú wọn, òun ló tiẹ̀ gba góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi nà wá ní ìpele gúrúùpù, "Ronaldinho" ló wà lẹ́yìn jẹ́sì ẹ̀ nígbà yẹn. Ikpeba dá ọ̀kan padà, Kanu dá ìkejì padà nígbà tí eré fẹ́ parí, Kanu kan náà tún gba góòlù wúrà wọlé, ìyẹn góòlù tó ń parí eré lójú ẹsẹ̀ ní àfikún àkókò. 4–3. Mi ò ní sọ bí àdúgbò wa ṣe rí lóru ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ á mọ́.

Inter ti ra Kanu nígbà yẹn. Ó dé Ítálì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ní àléébù, kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Oṣù kọkànlá ọdún 1996 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ní Amẹ́ríkà, ó padà sórí pápá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Ronaldo sì jọ wà ní Inter kan náà kó tó lọ Arsenal ní oṣù kìíní ọdún 1999. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ló gba mẹ́ta wọlé Chelsea lẹ́yìn tí wọ́n ti gba méjì, àwọn tó jẹ́ Arsenal níbí mọ èyí tí mò ń wí. Oṣù tó tẹ̀ lé e gẹ́lẹ́ ni orúnkún Ronaldo ya.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Kanu ò kùnà lójú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ayé ló ń gbàdúrà fún un. Ronaldo ń ṣàìsàn, wọ́n sì tún ń bú u, "ó ti tán", "ó ti sanra", gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń kọ nípa àwọn ọmọ Super Eagles báyìí. Ìyẹn le ju iṣẹ́ abẹ lọ, mo gbà. Ká padà sọ́rọ̀ orúnkún.

———

Ẹ̀gbọ́n ti dá wa lóhùn: ìwé ilé ìwòsàn ní ACL ni. Wọ́n ní kóòṣì ẹgbẹ́ náà ń pe ọmọ yẹn lórí fóònù ní gbogbo ìgbà, ó ní òun á máa fi í wọlé ní ìṣẹ́jú ogún tó gbẹ̀yìn. Ọmọ náà sì ti ka gbogbo ohun tá a kọ, ó fi èsì ránṣẹ́, ó ní "Baggio ńkọ́?"

Háà, ọmọ yìí kàwé o! Ó yẹ ká dá a lóhùn bí ẹni tó gbọ́n.

Roberto Baggio, ẹ̀yin ọmọdé, òun ló gbá pẹ́nárítì sójú ọ̀run ní fáínà Ife Àgbáyé ọdún 1994, ní Pasadena, Brazil gba ife. (Ronaldo wà ní bẹ́ǹṣì Brazil lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wọn ò fi í wọlé rárá.) Nítorí náà Baggio gan-an ni Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́. Ohun tí ọmọ náà ń tọ́ka sí ni ọdún 2002: Baggio wà ní Brescia, ó ti di ẹni ọdún márùndínlógójì, orúnkún ẹ̀ já, Ife Àgbáyé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì padà kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ó wọlé nínú eré Fiorentina, ó gba góòlù méjì. Òótọ́ ni, n ò lè jiyàn ẹ̀.

Ẹ wá béèrè ohun tó tẹ̀ lé e. Trapattoni, kóòṣì Ítálì, kò mú un lọ. Pẹ̀lú góòlù méjì yẹn, pẹ̀lú gbogbo Ítálì tó ń pariwo orúkọ ẹ̀, kò mú un. Orúnkún tó fi wewu, ohun tó fi wewu fún ò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹni ọdún márùndínlógójì sì ni, bọ́ọ̀lù tó kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò pọ̀, tó bá ní òun fẹ́ ná an tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Ọmọ ogún ọdún ò sí nírú ipò yẹn.

Ohun tí ì bá wúlò fún un nínú ọ̀rọ̀ Baggio wà lọ́dún 1998, ó sì fò ó. Eré àkọ́kọ́ Ítálì ní Faransé, Chile ń na wọ́n 2–1, pẹ́nárítì. Baggio ló mú bọ́ọ̀lù. Ó gbá a, ó wọlé. Ọdún mẹ́rin ló fi gbé orúkọ yẹn kiri kó tó rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀.

———

Ẹni tó ní góòlù 8 ti 2002 yẹn "góòlù Ṣáínà àti Costa Rica" ni, ẹ jọ̀ọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ó gba ti Ṣáínà, ó gba ti Costa Rica méjì, òótọ́. Ó gba ti Tọ́kì nínú eré àkọ́kọ́, ó gba ti Belgium, ó gba èyí tó gbé wọn kọjá Tọ́kì ní sẹ́mì-fáínà, 1–0, ó fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ta á nígbà tí kò sí àyè láti gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó wá gba méjì ní fáínà. England nìkan ni kò gba wọlé wọn. Ó ku èwo?

Ẹ wo góòlù àkọ́kọ́ sí Jámánì dáadáa. Ronaldo pàdánù bọ́ọ̀lù, ó dìde, ó gbà á padà lẹ́sẹ̀ Hamann, ó tì í fún Rivaldo, Rivaldo ta á, ó bọ́ lọ́wọ́ Oliver Kahn tí wọ́n ní kì í já bọ́ọ̀lù, ta lẹ rò pé ó ti wà níbẹ̀? Ronaldo ọdún 1997 kò ní gbá irú góòlù yẹn, ti 1997 á gbé bọ́ọ̀lù láti àárín pápá á gé èèyàn mẹ́rin. Èyí tó padà wá ń dúró nítòsí àpótí pẹ́nárítì, ó ń fẹsẹ̀ kan tàbí méjì parí iṣẹ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí àbúrò yín mọ̀, pé ẹni tó lọ kọ́ ló padà wá. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni ní Nàìjíríà, aago méjìlá, ìsìn ò tíì parí, àwọn àgbà ìjọ gan-an ń bọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń lọ tọ̀, wọn ò padà wọlé mọ́.

Kí ẹ sì má gbàgbé, ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2002 yẹn, kò tíì pé oṣù méjì ṣáájú, Inter pàdánù 4–2 lọ́wọ́ Lazio ní pápá Rome kan náà, líìgì bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, Ronaldo ń sunkún ní bẹ́ǹṣì. Àwọn ará Brazil ń pariwo pé Romário ni kí Scolari, kóòṣì Brazil, mú. Scolari fi Romário sílẹ̀. Ká ní ó gbọ́ tiwọn ni, a ò bá má ní ìtàn kankan tá à ń jà lé lórí níbí.

———

Ọ̀rọ̀ teguntegun. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ti ní kí wọ́n gbé e lọ. Èmi ò bú teguntegun, mo mọ àwọn tí wọ́n to egungun apá wọn tó sì dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ACL kì í ṣe egungun, wọ́n ti gé iṣan láti ibòmíràn lára ọmọ yẹn fi rọ́pò ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ di ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi òróró àti agbára fa orúnkún yẹn, tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ó lè tú ohun tí wọ́n rán. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọ pápá ńkọ́? Ìyẹn burú jù. Ìrora ni àgogo tí orúnkún ní, ẹ wá ń gún un lábẹ́rẹ́ kó má baà dún.

Mo máa ń ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́ lórí pápá ilé-ìwé lọ́sàn-án Saturday, fisíò kan ló kọ́ wa ní nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe nílé láìnáwó. Ẹ mú tépù télọ̀. Ẹ fi ìka mẹ́rin wọn òkè orúnkún, ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ẹ fi tépù yí itan po. Ọmọ kan tó ń fò kiri lórí pápá tó ní òun ti yá, a wọ̀n ọ́n lójú gbogbo èèyàn, itan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ti rù débi pé ṣòkòtò ń mì níbẹ̀, ó dákẹ́, ó lọ jókòó. Ẹ tún ní kí àbúrò yín jókòó sórí àga, kó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láìdi nǹkan mú. Kó sọ̀kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́ra. Tí orúnkún bá wú lálẹ́ ọjọ́ tó bá ṣe eré ìdárayá, ọjọ́ kejì kó sinmi. Ọ̀rọ̀ pé kó fi ẹsẹ̀ kan fò, ìyẹn di ìgbà tí fisíò bá ní ó yá, kí ẹ má dán an wò fúnra yín o. Tí ẹ ò lágbára fisíò àdáni, ẹ̀ka fisíò wà láwọn ilé ìwòsàn ìjọba ńlá, ẹ lọ béèrè, èèyàn máa ń dúró pẹ́ lórí ìlà ni.

———

Ẹnì kan ní Ronaldo aláìmoore ni, Inter tọ́jú ẹ̀ fún ọdún méjì tó ń ṣàìsàn, ó gba ife tán ló bá gba Real Madrid lọ. Èmi náà ò fẹ́ràn ẹ̀. Àwọn ará Inter sanwó oṣù fún ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n dúró tì í, wọ́n sì rí ẹ̀yìn ẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn kan ní òun àti kóòṣì Héctor Cúper ni ò rẹ́, ó ṣeé ṣe. Ní Madrid ó gba méjì wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́dún yẹn.

Ṣùgbọ́n ìjà yẹn ló jẹ́ kí n rí nǹkan kan tí ẹ̀gbọ́n lè lò. Ta ló ń sanwó fún àbúrò yín láti dúró? Inter san ti Ronaldo. Kóòṣì tó ń pè é yìí, ṣé ó wá sílé ìwòsàn? Ṣé ó dá sówó iṣẹ́ abẹ? Ẹ kọ ọ́ fún wa.

———

Mo ti rí èsì yín. Kò wá. Kò dá sí i. Ẹ̀yin àti màmá yín lẹ san gbogbo ẹ̀, màmá sì yáwó lọ́wọ́ àwọn àjọ ọjà.

Ẹ dá a lóhùn báyìí o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ náà kò ní jókòó sílé kó máa wo ògiri, ẹ jẹ́ kó máa lọ sí pápá, kó máa ran àwọn gólì lọ́wọ́, kó máa gbá pẹ́nárítì tó bá di oṣù tí fisíò bá ní kó gbá a, láìsáré, bọ́ọ̀lù dúró, òun dúró, kó gbá a títí tí ara ẹ̀ á fi balẹ̀. Orúkọ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pa á, kì í ṣe nínú ìdíje tó ń bọ̀ yìí. Tí kóòṣì yẹn bá tún pè, kí ẹ̀yin gbé fóònù náà fúnra yín, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ wá ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kó sì fọwọ́ sí i pé òun ló máa san owó iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ padà wá sọ ohun tó bá wí fún wa.